Ta Ló Pe Nọ́ọ̀sì? Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ìwé Mẹ́ta Tí Wọ́n Kọ Láti Inú Eré Rédíò Kan ní Ìbàdàn

Eré rédíò kan wà ní Ìbàdàn tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ni ín gbà kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn pé orúkọ ẹnikẹ́ni kò ní jáde; orúkọ iṣẹ́ ni n ó sì máa fi pe àwọn ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Ìyá Alágbo ni olú ẹ̀dá ìtàn: obìnrin tó ń ta àgbo lọ́jà, tí kò kàwé ju ìwé mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n tí kò sí olè, gbájúẹ̀ tàbí ọkọ oníranù ládùúgbò tí kì í tú àṣírí rẹ̀ kí eré tó parí. Awakọ̀ ni ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ń fi Micra ná Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ẹnì kẹta ni Lánlọ́ọ̀dù, ahun paraku tí àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn láti máa bú. Bí eré náà bá ń lọ lọ́wọ́, ẹni tó ń rìn kọjá láàárín ọjà lè gbọ́ ọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ láìpàdánù gbólóhùn kan.

Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kékeré kan lọ bá oní-eré pé àwọn fẹ́ máa fi àwọn ẹ̀dá ìtàn yìí kọ ìwé ìtàn àròsọ lédè Yorùbá. Oní-eré gbà, ó sì fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ yìí ni gbòǹgbò gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dá ìtàn kankan láti inú eré kò gbọdọ̀ kú nínú ìwé, kò gbọdọ̀ gbéyàwó tàbí kó lọ́kọ, kò gbọdọ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn, kò gbọdọ̀ di olówó òjijì, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíì nínú eré jà débi tí wọn kò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ojú ìwé kìíní bá ṣe bá wọn ni kí ojú ìwé ìgbẹ̀yìn ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ẹlòmíì lè sọ pé oní-eré ti le jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò lè máa kọ́kọ́ ka ìwé ẹlòmíì tán kó tó mọ̀ bóyá Awakọ̀ ti níyàwó. Irú òfin báyìí wọ́pọ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ ìwé láti inú eré tó ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ́fíìsì tó ń yẹ àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ láti inú Star Trek, eré tẹlifíṣàn kan nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rin òfuurufú, wò ní Amẹ́ríkà mú òfin náà le débi pé wọ́n ń dín àwọn ẹ̀dá ìtàn tí òǹkọ̀wé bá dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kù, wọn kò sì fẹ́ kí ìwé kan máa tọ́ka sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú òmíràn.

Nínú ìwé kìíní, àwọn tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ nìkan ni òǹkọ̀wé lò. Ìwé náà kọ́kọ́ tà wàràwàrà. Nígbà tó yá ni ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu àwọn tó kà á, kò sì pẹ́ tó fi di ọ̀rọ̀ gbogbo wọn: ìwé náà dùn, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ya atẹ̀wé lẹ́nu, nítorí pé iná jó nínú ìwé náà, wọ́n jí ọmọ gbé, wọ́n sì ti Ìyá Alágbo mọ́ inú ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ọjà Bódìjà. Ohun tí àwọn òǹkàwé ń sọ ni pé àyà wọn kò já. Wọ́n mọ̀ pé Ìyá Alágbo yóò sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, nítorí náà kò sí iná tó lè jó o. Lórí rédíò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ewu fi ń wà, ohùn òṣèré sì máa ń gbé wa kọjá ibẹ̀ kí a tó rántí ṣiyèméjì. Ìwé kò ní ohùn tó lè gbé èèyàn kọjá. Òǹkàwé lè pa á dé, kó jẹun, kó ronú, kó sì mọ̀ dájú pé wọn kò lè pa obìnrin yìí.

Òǹkọ̀wé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, rí i pé ẹni tí ìwé àṣẹ kò dè nìkan ni nǹkan lè ṣẹlẹ̀ sí. Nínú ìwé kejì, ó mú ẹ̀dá ìtàn tuntun wọlé: ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tó gba yàrá kan nílé Lánlọ́ọ̀dù. Òun ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú orí ìwé náà. Èmi gẹ́gẹ́ bí olóòtú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀wọ́ ìwé yìí lẹ́yìn tí ìwé kejì ti jáde, ìyẹn ni pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ kí n tó dé.

Ìjà náà le gan-an. Àwọn kan pe ètò ìtàkùrọ̀sọ lórí rédíò láti béèrè ẹni tó pe Nọ́ọ̀sì wá sínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn mìíràn ní ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí àwọn máa ka ìwé kan mọ́jú nítorí pé àwọn kò mọ bóyá ọmọbìnrin náà yóò là á já. Atẹ̀wé pe àwọn òǹkàwé jọ sí ọgbà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ọgbọ́n jà tó báyẹn rí lórí àwọn èèyàn tí a kò bí.

Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Agbowó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún ìhà ẹ̀dá ìtàn tuntun. Ó ti ra ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ láti inú àwọn fíìmù Star Wars, tó jẹ́ ìtàn ogun òfuurufú, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀, ó sì mọ ìtàn wọn látòkèdélẹ̀. Ó ní ní ọdún 1991, nígbà tí Timothy Zahn kọ Heir to the Empire, àwọn méjì tí kò sí nínú fíìmù kankan ló gbé ìwé náà ga: Thrawn, ọ̀gágun ọ̀tá tó máa ń wo iṣẹ́ ọnà orílẹ̀-èdè kan kó tó mọ bí yóò ṣe ṣẹ́gun rẹ̀, àti Mara Jade, obìnrin tó ti búra pé òun yóò pa Luke Skywalker, akọni inú fíìmù. Luke kò lè yí padà púpọ̀, ó ní, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tí Mara Jade yóò já sí, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń ṣí ojú ìwé tó kàn.

Tíṣà obìnrin kan dá a lóhùn pé: "Bọ̀dá, ìwé yẹn ni èmi náà kà. Ṣé Luke ò sí níbẹ̀ ni? Ṣé Leia ò sí níbẹ̀? Han ńkọ́? Ṣebí àwọn inú fíìmù ni gbogbo wọn. Onílé wà nílé nígbà tí àlejò wọlé. Nínú ìwé tiwa yìí, àlejò ti tẹ́ ẹní sí pálọ̀, kí a tó rí onílé."

Gbogbo ilé hó. Ọkùnrin náà kò fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó rán wọn létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1999, nígbà tí àwọn tó ń darí àwọn ìwé náà fẹ́ kí àyà òǹkàwé tún bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí wọ́n sì jẹ́ kí òṣùpá já lu Chewbacca, ọ̀rẹ́ Han láti inú fíìmù, pa nínú ìwé Vector Prime tí R. A. Salvatore kọ. Ìbínú àwọn olólùfẹ́ bo òǹkọ̀wé náà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun nìkan ló pinnu rẹ̀. Ó ní: "Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n pa ẹni àtijọ́, ẹ ò sì fẹ́ ẹni tuntun. Ta ni kí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí?" Tíṣà fèsì pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2014 ni kò jẹ́ kí òun fi ọkàn sí ẹni tí ìwé bí, nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ni Star Wars kéde pé gbogbo ìwé àtẹ̀yìnwá ti di Legends, pé fíìmù tuntun kò ní tẹ̀ lé wọn. Thrawn padà wá sórí tẹlifíṣàn ní ọdún 2016 lóòótọ́, ṣùgbọ́n Mara Jade kò tíì dé ibẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn wá sọ ohun kan tí mo ń rò títí di òní. Ó ní nínú àlọ́, Ìjàpá kì í yí padà. Ìjàpá tí wọ́n pa lálẹ́ àná tún ti jí lálẹ́ òní, olè ni, ọ̀kánjúwà ni, kò sì sí ọmọ tó sunkún pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Kí ló dé tí Ìyá Alágbo kò lè rí bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé àlọ́ kúrú, ọgbọ́n ẹ̀tàn Ìjàpá nìkan ni a sì ń dúró dè nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ká jókòó ti òun fún igba ojú ìwé gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn tí a lè máa dúró dè. Bàbá kò gbà pẹ̀lú mi, kò sì tíì gbà títí di báyìí.

Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n mú ẹni tí a kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú eré, irú Ìyá Alákàrà tó máa ń kígbe ọjà lókèèrè, kí wọ́n sọ ọ́ di olú ẹ̀dá ìtàn. Michael Stackpole ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1996 nígbà tó fi Wedge Antilles, awakọ̀ òfuurufú tí kò jẹ́ nǹkan kan nínú fíìmù, ṣe ọ̀gá àwọn ọmọ ogun inú ìwé X-Wing rẹ̀. Àbá tó dára ni, ṣùgbọ́n nígbà tí a bi oní-eré, ó ní gbogbo ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò, bó ti wù kó mọ, ti wà lábẹ́ ìwé àṣẹ. Ibẹ̀ ni àbá náà parí sí.

Ohun tí atẹ̀wé kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yí èèpo ẹ̀yìn ìwé padà. Nígbà tí wọ́n tún ìwé kejì tẹ̀, wọ́n ya Ìyá Alágbo ràgàjì síwájú, wọ́n sì ya Nọ́ọ̀sì kékeré sẹ́yìn. Ó dá wàhálà tuntun sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó rà á nítorí àwòrán wá rí i pé wọ́n ti ta ohun tí kò sí nínú rẹ̀ fún òun, àwọn tó fẹ́ràn Nọ́ọ̀sì sì ní atẹ̀wé ti ń tijú ọmọ náà.

Wọ́n tún ṣe ohun mìíràn nínú àtúntẹ̀ náà, èyí ló sì yẹ kí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wò dáadáa, torí pé òun ni olóòtú mìíràn yóò kọ́kọ́ rò. Òǹkọ̀wé ka iye ìgbà tí Ìyá Alágbo fara hàn, ó rí i pé ó kéré, ó sì fi í sínú gbogbo orí tí kò sí tẹ́lẹ̀. Bí Nọ́ọ̀sì bá ń lọ sí ọjà, yóò pàdé Ìyá Alágbo lójú ọ̀nà. Bó bá ń sunkún ní yàrá, Ìyá Alágbo yóò gbé ọbẹ̀ wá. Nínú orí kan, ó kàn gba ojú fèrèsé kọjá, ó sì pa òwe kan. A rò pé èyí yóò tẹ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ìbínú wọn ló pọ̀ sí i. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé: "Ọ̀gá, ẹ ti sọ ìyá wa di ẹni tó ń yà kí èèyàn." Òótọ́ ló sọ. Ní gbogbo ìgbà tó fara hàn náà, kò sí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ìpinnu tó ṣe, bí a bá sì yọ ọ́ kúrò nínú orí náà, ìtàn kò ní mọ̀ pé ẹnì kan lọ.

Ìpàdé kejì ni nǹkan ti yí padà. Màmá kan wá, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba. Ó ti fi bírò pupa fàlà sí ìwé kejì rẹ̀ káàkiri. Ó ní kí a fún òun láyè kí òun ka ojú ìwé kan ṣoṣo. Ohun tó kà nìyí:

"Ìyá Alágbo gbé ìgò náà sójú oòrùn. Ó mì í, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mi orí. 'Ewé wo leléyìí?' ló béèrè. Nọ́ọ̀sì gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì tọ́ ọ wò. 'Orúwo ni, Mà,' ló dáhùn."

Màmá yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú sí mi o. Láti ìgbà wo ni Ìyá Alágbo ti ń ta àgbo ibà? Kí ló ń fi sè é, ṣé omi lásán ni? Orúwo tí ọmọ ọmọ mi lè já wá fún mi, òun ni Ìyá Alágbo gbóòórùn tí kò dá mọ̀?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wá fi kún un pé: "N ò bá ọmọ nọ́ọ̀sì yẹn jà. Ọmọ dáadáa ni. Ẹni tó sọ Ìyá Alágbo di òpè nítorí kí ọmọ yẹn lè gbọ́n ni mo ń bá jà."

Títí di ìgbà náà, gbogbo wa, àtàwọn tó fẹ́ Nọ́ọ̀sì àtàwọn tí kò fẹ́ ẹ, ń bá ara wa ṣe ìṣirò: orí mélòó ló jẹ́ ti ẹni tuntun, mélòó ló jẹ́ ti ẹni àtijọ́. Ọ̀rọ̀ Màmá fi hàn pé iye kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, èmi àti òǹkọ̀wé jókòó ti ìwé náà, a sì wá gbogbo ibi tí ẹni àtijọ́ kan ti gbàgbé nǹkan, tó ti ṣìnà, tó bẹ̀rù láìnídìí, tàbí tó ṣe inú rere tí kò jọ ọ́. Awakọ̀, tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Ìbàdàn, ṣìnà ní Bẹẹrẹ kí Nọ́ọ̀sì lè ka pátákó ojú ọ̀nà fún un. Lánlọ́ọ̀dù, tó máa ń ka bọ́líìbù ilé kó tó sùn, fi owó ilé jin ọmọbìnrin náà nítorí pé ó kàn kí i dáadáa. Ìdí kan náà ni gbogbo wọn fi yẹ̀ kúrò lórí ara wọn: kí ẹni tuntun lè rí ohun ṣe.

Àléébù yìí kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Ní ọdún 1973, Paula Smith kọ ìtàn kékeré kan ní Amẹ́ríkà láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ Star Trek máa ń kọ. Nínú rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Sue, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀, ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo lẹ́fútẹ́náǹtì tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ọkọ̀ òfuurufú náà, gbogbo àwọn ògbóǹtarìgì inú ọkọ̀ sì ń wárí fún un. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkàwé ti ń fi orúkọ yẹn pe ẹ̀dá ìtàn tuntun tí wọn kò bá fẹ́ràn. Lójú tèmi, wọ́n ti lò ó kọjá ààyè rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé obìnrin ni ẹ̀dá ìtàn náà. Ohun tí ìtàn yẹn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ kì í ṣe pé ọmọbìnrin náà gbọ́n. Àwọn tó yí i ká ni kò jọ ara wọn mọ́ ní kété tó wọlé.

A wá bẹ̀rẹ̀ ìwé kẹta pẹ̀lú òfin kan ṣoṣo: ohunkóhun tí Nọ́ọ̀sì bá mọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí Ìyá Alágbo kò fìgbà kan sọ pé òun mọ̀. Òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ tún gbé ìgò àgbo wá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Alágbo ti pe orúkọ ewé mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìdérí rẹ̀ tán, ó sì sọ ìsọ̀ tí wọ́n ti rà á. Nọ́ọ̀sì kò dá sí i. Káàdì ọsibítù ọkùnrin tó mu àgbo náà ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀, ó sì rí i níbẹ̀ pé ó ti ń lo oògùn òyìnbó kan tẹ́lẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀kan mọ̀ kò pé láìsí ti èkejì. Wọ́n sì bára wọn jiyàn lórí rẹ̀ fún odindi orí kan. Èrò mi ni pé orí náà ló dára jù nínú gbogbo ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èrè kejì jáde níbi tí a kò fọkàn sí. Nítorí pé ojú Nọ́ọ̀sì ni a fi ń wo nǹkan, a rí Ìyá Alágbo fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn nìkan ni rédíò ní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùgbọ́ ti fi mọ ẹ̀rín rẹ̀ àti bó ṣe máa ń pòṣé, wọn kò mọ ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n kọ́ láti máa wo èèyàn, rí i pé àwọn ìka Ìyá Alágbo ti di aláwọ̀ ìyeyè títí dé oríkèé kejì látàrí bíbó egbò orúwo lójoojúmọ́, àti pé ó máa ń fi ọwọ́ náà pa mọ́ sábẹ́ ìborùn bí òyìnbó tàbí ọmọ yunifásítì bá wá ra àgbo. Kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀, ìwé àṣẹ kò bàjẹ́, síbẹ̀ àwọn òǹkàwé ní àwọn ti mọ ohun kan nípa rẹ̀ tí àwọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ètò ìtàkùrọ̀sọ dé, ọwọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pè ń sọ. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí a ti mọ̀ nìkan ló wà nínú ìwé náà, ta ni ì bá wo ọwọ́ rẹ̀? Awakọ̀ ti ń rí i láti kékeré.

Ewu inú ìtàn náà bọ́ sórí ẹni tí kò sí ìwé àṣẹ tó dáàbò bò ó. Nọ́ọ̀sì sọ òtítọ́ nípa káàdì náà, wọ́n sì dá a dúró nílé ẹ̀kọ́. Ìwé parí láìjẹ́ pé wọ́n gbà á padà. Ìyá Alágbo kò rí i gbà sílẹ̀. Ó wà bó ṣe wà, ní ìdí ìsọ̀ rẹ̀, ó sì fún un ní àpótí kan láti jókòó lé. Tíṣà tó bá ọkùnrin Agbowó jà pè mí láti bú mi pé kí ló dé tí a fi fi ọmọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ṣì wà tí wọn kò ra ìwé kẹta rárá, tí wọ́n ní bí kì í bá ṣe Ìyá Alágbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn kò fẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ mìíràn délẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, òǹkọ̀wé ń gbọ́ eré náà nílé, ó sì gbọ́ tí Nọ́ọ̀sì kí Ìyá Alágbo káàárọ̀. Oní-eré ti mú un wọ orí rédíò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé àṣẹ, kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó sọ ẹni tó ni ẹ̀dá ìtàn tí òǹkọ̀wé bá dá sílẹ̀. Àpẹẹrẹ méjèèjì wà nílẹ̀ ní òkè òkun. Thrawn di ti ilé iṣẹ́ tó ni Star Wars. Zahn ló dá a sílẹ̀, kò lè gbé e lọ síbòmíì. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Paul Cornell dá Bernice Summerfield sílẹ̀ ní ọdún 1992 nínú ìwé kan tí wọ́n kọ láti inú Doctor Who, eré tẹlifíṣàn BBC tí Dókítà jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ Virgin sì pàdánù àṣẹ láti máa tẹ ìwé Doctor Who, wọ́n ń bá ìwé Bernice lọ láìsí Dókítà nínú rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe BBC ló ni ín. Ní ti Ìbàdàn, wọ́n pẹ̀tù sí i: oní-eré san owó díẹ̀ fún òǹkọ̀wé, wọ́n sì ń dárúkọ rẹ̀ ní ìparí eré.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé ní kété tí Nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ti bọ́ sábẹ́ òfin. Kò lè kú mọ́, kò lè lọ́kọ, kò lè kúrò ní Ìbàdàn. Lórí rédíò, wọ́n ti gbà á padà sílé ẹ̀kọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òǹkọ̀wé ní láti wá ẹlòmíì fún ìwé kẹrin.

Bí n bá ń ṣiṣẹ́ lórí irú ìwé báyìí ní báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kì í ṣe àkójọ àwọn ẹ̀dá ìtàn tuntun. Àkójọ ohun tí ẹni àtijọ́ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe láé, tí kì í gbàgbé láé, ni mo ń gbà. Òun ni mo sì ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àfọwọ́kọ bí mo bá ń kà á. Bí ẹnì kan nínú wọn bá rú u, mo máa ń wo ẹni tó jèrè. Tó bá jẹ́ ẹni tuntun ló jèrè, a tún ibẹ̀ kọ. N kì í ka iye orí mọ́. Ẹni tuntun lè gba ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹni àtijọ́ bá ní ìpinnu kan tí òun nìkan lè ṣe nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ lójú ìwé méjì péré. Ní ọdún 1997, Peter David fún odindi ọ̀wọ́ ìwé Star Trek kan ní ọ̀gá ọkọ̀ tuntun, Mackenzie Calhoun, ó sì fi àwọn bíi Shelby àti Selar, tí àwọn èèyàn ti rí lórí tẹlifíṣàn tẹ́lẹ̀, sí ipò tí wọ́n ti ní iṣẹ́ gidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ èèpo ẹ̀yìn kò gba àsọtúnsọ: ẹni tó ni ìtàn ni kí wọ́n yà síwájú, kódà bí ẹni tó ń tajà bá ń sunkún.

Ní ti ìwé àṣẹ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí èyí tí kò dárúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn tuntun. Kí ó sọ ẹni tó ni wọ́n, kí ó sọ iye tí wọn yóò san bí eré bá fẹ́ mú wọn, kí ó sì sọ iye oṣù tí oní-eré gbọ́dọ̀ fi dúró lẹ́yìn tí ìwé bá jáde kó tó lè fi wọ́n sọ̀rọ̀ lórí rédíò, kí òǹkọ̀wé lè parí ohun tó ń ṣe fún wọn. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n kọ sínú ti ìwé kẹrin. Oní-eré kọ́kọ́ ní ó ti pọ̀ jù, ó ní kó jẹ́ mẹ́fà; òǹkọ̀wé ni kò gbà.